Àwòrán Tí Mo Gbé Lọ Síbi Ìkórè

Àga mẹ́rin ni mo lọ rà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì ra ẹyọ kan. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì bí mi sí. Alàájì kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹrù ilé àlòkù. Bí mo ṣe ń mi àga kan wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, ojú mi lọ sára ògiri. Àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, èyí tí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń yangàn, ọ̀dà rẹ̀ ti sán létí, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ọn pé títà ni.

Mo ka fèrèsé rẹ̀. Mẹ́fà ni. Mo bá jókòó sórí àga tí mi ò tíì rà.

Fèrèsé méje ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹni tó bá ti lọ sọ́ńdè-sùkúù níbẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ló ya àwòrán náà. Iṣẹ́ sáínbọ́ọ̀dù kíkọ ló ń ṣe. Ọ́ìlì péǹtì tó ṣẹ́kù nínú agolo ló fi yà á lọ́dún tó fẹ́ ìyá mi. Ibi tó yẹ kí fèrèsé keje wà, ìyá mi ló yà síbẹ̀, ó wé gèlè búlúù, ó gbé Bíbélì dání. Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ta ló jí fèrèsé kan gbé nílé Ọlọ́run?” Bàbá mi a ní, “Gèlè rẹ ló bò ó.” Kò sí fọ́tò kankan tí ìyá mi yà nígbà ọ̀dọ́. Èyí nìkan ló wà.

Èmi ni mo sì sọ ọ́ nù. Ẹ mọ gbàǹjo ìkórè: a ó kó iṣu, adìẹ àti aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á gbàdúrà sí i, wọn á wá máa gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fi owó lé owó. Ohun tó bá ti gba àdúrà yẹn, ti Ọlọ́run ni. Nílé tiwa, ẹni tó mú un wá kì í rà á padà. Ìyá mi ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń bá Ọlọ́run ṣe kárà-kátà.

Lọ́dún tí bàbá mi kú, a ń kun ògiri pálọ̀ lọ́sẹ̀ ìkórè. Ìyá mi sọ àwòrán náà kalẹ̀, ó fi ìró wé e kí ọ̀dà má baà ta sí i, ó sì gbé e ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu ìkórè. Ó ní kí n máa kó ẹrù lọ ná. Èmi aláṣejù, mo kó gbogbo rẹ̀ pátá, mo gbé e rù, mo ń kọrin lọ. Nígbà tí wọ́n tú ìró náà níwájú ìjọ, mo wo ìyá mi láàárín àwọn obìnrin. Ó ń pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò kan láti Ọ̀yọ́ ló gbé e lọ. Ìgbà tá a délé tí mo rí i tó dúró, tó ń wo ìṣó lásán lára ògiri, ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, “Ṣé wọ́n ti gbàdúrà sí i? Ó ti tán nìyẹn.” Kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Ojú ọ̀tún ti lọ, dókítà sì ti sọ fún wa pé ti òsì náà ò ní pẹ́. Bó bá máa rí gèlè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, àfi kó yá.

Síbẹ̀ mo fẹ́ ṣe ọlọ́gbọ́n. Mo ní, “Alàájì, àwòrán tó ti sán báyìí, ta ni yóò rà á?”

Ó wò mí. “Ẹni tó ń sunkún yìí náà ni. Màmá, ẹ sọ tòótọ́ fún mi.”

Mo sọ ọ́ tán. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ olóògbé kan lòun ti rà á, òun ò ní jẹ èrè lórí rẹ̀. “Ẹ gbé e lọ bá Ìyá lónìí. Bó bá jẹ́ tiwọn, ẹ wá sanwó tí mo fi rà á. Bí kò bá jẹ́ tiwọn, ẹ gbé e padà.” Kò mọ̀ mí rí, kò sì gba nọ́ḿbà fóònù mi. Ẹní ìkírun rẹ̀ àtijọ́ ló fi wé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní, “Ẹ bá mi dá ẹní padà o.”

Orí itan ni mo gbé e lé títí a fi dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ ní kí n fi sí búùtù, mo ní bí búùtù bá wù ú kó lọ jókòó síbẹ̀.

Ìyá mi gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó fi ìka ka fèrèsé títí ó fi dé ibi gèlè, ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, “Gbé e padà. Mo ti fi fún Ọlọ́run.”

“Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi fún un. Èmi ni mo ṣì í gbé.”

“Mo rí ọ,” ló wí. “Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo wà nígbà tó o gbé e rù. Ǹ bá pè ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tá a ti sin bàbá rẹ, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ. Ọjọ́ yẹn, o ń kọrin. Mi ò fẹ́ kó o dákẹ́.”

Ẹkún ni mo sun.

Nígbà tó yá, ó bi mí, “Ta ló máa sanwó rẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Tìẹ nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Àmọ́ ìṣó mi ṣì wà lára ògiri, bó o bá fẹ́ yá a.”

Lọ́jọ́ kejì mo gbé owó àti ẹní lọ fún Alàájì, mo sì kúnlẹ̀ kí i, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Oṣù mọ́kànlá ni ìyá mi fi rí àwòrán náà kí ojú òsì tó ṣú. Mo dúpẹ́ oṣù mọ́kànlá.