Bí Mo Ṣe Fi Káàdì Ọ̀gbẹ́ni Walter Pamọ́

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Sátidé kan ni Fúnmi, ọmọ mi, kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo sùn sí nílé rẹ̀ ní Stockbridge. Ó ní kí n múra, pé à ń lọ sí Lawrenceville. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti lò nílùú Amẹ́ríkà láì rí ju ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù lọ, nítorí náà inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo dé ìdí ọkọ̀ tí mo rí i pé ẹnì kan ti jókòó síwájú.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí back. Orúnkún Daddy Walter ò ṣeé ká."

Daddy Walter! Èmi tí mo bí i ni mo lọ ká ara mi mọ́ ẹ̀yìn bí ẹrù.

Ọ̀gbẹ́ni Walter ni baba tó ń gbé nínú ilé tó kángun sí ti Fúnmi, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Fúnmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń bá a wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, òun náà ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí ní Òṣogbo ló máa ń sọ pé baba náà gbá baseball rí, pé wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sórí káàdì. Ẹ̀yin ará ilé, baseball kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa o. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì bẹ́ sí eré. Ẹni tó ń jù ú ni wọ́n ń pè ní pitcher, iṣẹ́ Walter nìyẹn. Láyé ìgbà yẹn, inú páálí ṣingọ́ọ̀mù ni àwọn ọmọdé ti ń rí àwòrán àwọn eléré náà. Lónìí, àgbàlagbà ló ń wá a kiri.

Èmi náà ṣeré. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ gólì fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan. N kò ní àwòrán kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi ń ka ìtàn Walter bí ẹni ń ka Sáàmù: ọdún méje tó fi ṣeré fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láti ìlú dé ìlú, nínú bọ́ọ̀sì tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ ńlá pè é, ó ṣeré mẹ́rìnlá péré, ni èjìká rẹ̀ bá já. Káàdì rẹ̀ kò tíì jáde nígbà náà. Nígbà tí àwọn ọmọ fi ń wo ẹ̀rín rẹ̀ lórí káàdì, ó ti ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní McDonough.

"Fúnmi," ni mo wí, "ọdún mélòó ni mo fi ṣọ́ gólì?"

Ó wò mí nínú dígí. "Dádì, ẹ jẹ́ n ráàyè wọ 285 ná."

285 ni títì tó yí Atlanta po bí ìgbànú. Ọkọ̀ márùn-ún lè tò ní ìbú lápá kan, n kò sì rí kòtò kan. A dúró jẹun lọ́nà. Wọ́n gbé grits wá, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n sè bí ògì tó ki, pẹ̀lú bọ́tà lórí. Dọ́là mẹ́sàn-án ni, tòun ti ẹyin méjì. Walter rí i pé n kò gbádùn rẹ̀, ó ti búrẹ́dì tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi. N kò fọwọ́ kàn án.

Gbọ̀ngàn kan láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù ni ọjà káàdì náà wà ní Lawrenceville. Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ pé Walter fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀kan mọ́. Omi tó ya wọ ilé rẹ̀ àtijọ́ ló bà á jẹ́, ó sì fẹ́ tún fojú kàn án kó tó kú. Ọkùnrin tó ń tajà béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn nawọ́ sí àwọn páálí tó wà lábẹ́ tábìlì, níbi tí gbogbo káàdì ti jẹ́ dọ́là kọ̀ọ̀kan.

A pín páálí láàárín ara wa. Nínú ẹ̀kẹta tèmi ni mo ti rí i: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún. Lẹ́yìn káàdì, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá kò ju ìlà kan lọ. Mo gbójú sókè láti pè wọ́n. Fúnmi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Walter, ó ń fi áńkáṣíìfù nu òógùn ojú rẹ̀. Owú gbé mi mì. Mo ti káàdì náà bọ ìsàlẹ̀ páálí, mo pa á dé.

"Kò sí níbí," ni mo wí.

Wákàtí méjì ni wọ́n tún fi wá a. Nígbà tó yá, Walter di etí tábìlì mú, ó dìde.

"Ó ti tó. Bóyá wọn ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Bóyá mo lálàá ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wò mí ní Òṣogbo náà nìyẹn tí mo bá ní mo ti ṣọ́ gólì rí. Mo padà sídìí páálí náà, mo san dọ́là kan, mo fi káàdì lé e lọ́wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ọ̀dọ́mọkùnrin inú àwòrán náà.

Fúnmi lọ gbé ọkọ̀ wá. Nígbà tó ku èmi àti Walter lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́wọ́ fún un pé owú ló mú mi fi káàdì náà pamọ́.

Ó tún wo káàdì náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọkùnrin kan ló gba ipò mi. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń gbé páálí ni mo ń gbàdúrà kí apá rẹ̀ kán."

"Ṣé ó kán?"

"Rárá o. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ṣeré. Káàdì tirẹ̀ wà nínú gíláàsì lọ́hùn-ún, ọ̀ọ́dúnrún dọ́là."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó nu ojú rẹ̀. "Ìwọ lo lọ́mọ," ló wí. "Èmi kàn ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ ni."

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé Stockbridge. Fúnmi sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní, "Easy, Daddy Walter," nǹkan sì tún ta mí láyà. N kò ní í purọ́ fún yín pé mo fi owú sílẹ̀ sí Lawrenceville. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju pé èèyàn lè máa jowú lọ́wọ́, kó sì tún ṣe ohun tó yẹ. Mo ní kí Fúnmi yàgò fún mi. Mo di apá baba náà mú, èyí tí èjìká rẹ̀ já lọ́jọ́sí, tí kò lè ga kọjá àyà mọ́, a sì jọ gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.