Inú Hẹ́límẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń ti ọ̀nà Kuta bọ̀, inú máa ń bí mi. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Kuta, Bàbá Kékeré bí a ṣe ń pè é, ló fà á.

Awakọ̀ bàálù ogun ni bàbá mi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì wá sí Ìwó, wọ́n jẹ́ kó mú hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti gbó wálé, ó sì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Òun ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Dígí dúdú iwájú rẹ̀ wà fún oòrùn, nítorí oòrùn òkè lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ tìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń so ìbòmú tó ń fún awakọ̀ ní atẹ́gùn mọ́, torí atẹ́gùn òkè ò tó èèyàn mí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: orí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n da fóòmù inú rẹ̀ lé nígbà tó ṣì rọ̀, títí ó fi gan bí orí ọ̀hún ṣe rí. Bó bá dẹ̀ díẹ̀ báyìí, tí bàálù bá yí bìrí, yóò yọ̀ bo awakọ̀ lójú. Orí ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún.

Ìpàkọ́ bàbá mi gùn sẹ́yìn, tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Lẹ́yìn tí àìsàn mú un lọ, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn, màá sì bá ìpàkọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, wọ́n pín ẹrù òkú. Bàbá Kékeré ò wo agbádá, kò wo aago. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ló nawọ́ gán. Ó fẹ́ máa dé e gun ọ̀kadà, kí ará Kuta lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun fò rí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kó gbogbo aṣọ, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa."

"Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, èmi àbí ìwọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni kó tó di bàbá rẹ."

Màmá mi fà mí sẹ́yìn. "Fi sílẹ̀. Bàbá rẹ ni." Sùúrù màmá mi yẹn dùn mí ju ojúkòkòrò ọkùnrin náà lọ.

Orí roboto ni Bàbá Kékeré ní. Kò pẹ́ tó fi ń pariwo pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń fún òun, síbẹ̀ kò dá a padà. Ìgbà tí èmi àti màmá mi lọ kí ìyàwó rẹ̀ kú ewu ọmọ, a bá adìẹ lórí ààtàn wọn tó ń tú fóòmù ká. Bàbá Kékeré ti fi ọ̀bẹ ha á kúrò nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó fi àkísà dípò rẹ̀. Màmá mi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èyí tó ṣeé ṣà. Ó gbìyànjú láti tò ó pọ̀ lọ́wọ́, kò bá ara mu mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Kékeré fi gun ọ̀kadà wọlé. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti yọ̀ bò ó lójú, ó fọwọ́ tì í padà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Mo kórìíra ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n orúnkún ò mọ ìkórìíra. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré ló mọ̀. Ó ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀.

Màmá mi, tó kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀, gbá mi lápá mú, ó gbé mi nàró. Àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó.