Ògiri Tó Gba Fọ́tò Àlàájà

"Sàláwù, ṣé ògiri ló ń sanwó fún wa ni, àbí èèyàn?"

Ohun tí ọ̀gá mi bi mí nìyẹn lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ dá ya fọ́tò ní Maourey, àdúgbò tí a ń gbé nílẹ̀ àjèjì. Àlàájà Sífáwù, aláṣọ léèsì, ló ní kí n ya òun lọ́jọ́ Iléyá níwájú ilé òun. Nígbà tí a fọ fọ́tò tán, Àlàájà kéré bí ẹyọ iyùn kan nísàlẹ̀. Ògiri amọ̀, igi dóńgóyárò àti ṣóńṣó ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ló gba gbogbo ìyókù.

Kí n má parọ́, ẹ̀rù oníbàárà ló ń bà mí. Tí wọ́n bá ti tẹjú mọ́ mi, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Àlàájà ju fọ́tò náà padà sí mi. "Léèsì tuntun ni mo wọ̀, ògiri lo yà! Gbé ògiri rẹ!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún. Yóò wá, yóò bú mi, yóò kọ fọ́tò. Èmi á sọ ọ́ sínú páálí. Ògiri amọ̀ di ti sìmẹ́ǹtì, wáyà iná gba orí rẹ̀ kọjá. Nínú èyí tó kẹ́yìn, àmì pupa ti wà lára rẹ̀: wọ́n fẹ́ wó o. Katakata dé, ilé lọ, títì ńlá là á kọjá. Àlàájà kó lọ sí Talladjé, àdúgbò mìíràn.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọ̀la ni mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò padà mọ́. Mo fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá a, Sàláwù. Mi ò rí i."

Mo da páálí sílẹ̀. "Ìyá, ògiri yín rèé!"

A jọ lọ síbẹ̀. Igi dóńgóyárò àti mọ́ṣáláṣí ṣì wà. Mo di fọ́tò àtijọ́ mú, mò ń rìn bí alákàn, títí ṣóńṣó náà fi yọ lẹ́yìn igi bó ṣe yọ nínú fọ́tò. "Ẹ máa lọ síwájú, Ìyá. Díẹ̀ sí i. Ẹ dúró!"

Àárín títì gan-an ni! Ọlọ́pàá kan fọn fèrè, ó sáré dé. "Haba, Hajiya! Kí lẹ ń wá níbí?"

"Ẹnu ọ̀nà mi. Ìwọ gan-an, inú yàrá mi lo dúró sí. Bọ́ bàtà!"

Ọlọ́pàá wo ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ni ẹ̀rín bá pa á. Ó na ọwọ́ méjèèjì: ọkọ̀ dúró, alùpùpù dúró, ràkúnmí tó ru koríko pàápàá dúró. Àlàájà bọ́ bàtà tirẹ̀, ó fi eyín ya ọ̀rá omi kan, ó dà á sẹ́sẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Èmi tí mo ti wá mọṣẹ́, mo sún mọ́ ọn kí léèsì lè hàn dáadáa.

"Ta ló ní kí o sún mọ́ mi? Padà sẹ́yìn! Fi àyè ògiri mi sílẹ̀!"

Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbàgbé. Mo fà sẹ́yìn, mo tún fà sẹ́yìn, títí Àlàájà fi kéré bí ẹyọ iyùn. Mo tẹ kámẹ́rà.

Ìyẹn nìkan ni fọ́tò tó gbà lọ́wọ́ mi láìbú mi.