Wàrà Ẹ̀wà Kọ̀màndáà

Ìfófò náà ru sókè lójijì, ó bo ẹnu ìkòkò, ó fẹ́ dà sínú iná. Ìyá àgbà sáré fa igi iná jáde, ó fi aṣọ di ìkòkò mú, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ó ti jinná," ni ó wí. Bí wọ́n ṣe ń se ògì nílé wa ló ṣe se wàrà ẹ̀wà náà: bó bá ti ru, ó tán. Ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀wà tútù ṣì gba gbogbo ilé ìdáná. Lẹ́yìn mi, lórí ẹní, àbúrò mi ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹkún ẹni tí kò lágbára mọ́.

Ọmọ oṣù méjì ni. Ìyá wa kú ní ọjọ́ kẹta tó bí i. Bàbá wa wà lọ́nà Anié, níbi tí ìjọba Faransé kó àwọn ọkùnrin abúlé wa lọ láti la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tí wọ́n bá pè kì í kọ̀. Aládùúgbò wa kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ló ń fún àbúrò mi lọ́mú, títí ọkọ rẹ̀ fi sọ pé ọmú tí kò tó ẹnì kan kò lè tó ẹni méjì. A kò bá wọn jà. Ọmọ tiwọn náà ń rù.

Ẹ̀wà yẹn ti wà nínú àká wa láti ọdún tó ṣáájú. Àwọn èèyàn kọ̀màndáà, òyìnbó aláṣẹ tó wà ní Atakpamé, ló pín irúgbìn rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo abúlé gbìn ín. A gbìn ín, ó so, a sè é láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kò rọ̀. Làwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní ẹ̀wà kọ̀màndáà, wọ́n ní bí ẹni tó ni ín ṣe le ló ṣe le. Nígbà tí Ìyá àgbà gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn màsẹ́ẹ̀rì, àwọn obìnrin òyìnbó ajẹ́jẹ̀ẹ́, ní ilé ìjọ àgùdà lórí òkè, ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé lókè òkun, àwọn kan máa ń lọ ẹ̀wà yẹn, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é dáadáa, wọ́n á sì mu ún bíi wàrà. Kò sọ pé kí a fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ó ń kọrin sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Kì í kánjú ṣe nǹkan. Ó rẹ ẹ̀wà náà sómi mọ́jú, ó bó èèpo rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, èmi ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Aṣọ kan tó kù nínú ẹrù ìyá mi ló fi sẹ́ ẹ. Omi tó jáde funfun. "Ṣé o rí i?" ni ó bi mí. "Ìyá rẹ kò lọ tán."

Nílé wa, kò sí ohun tí ọmọ ọwọ́ máa mu tí àgbà kò ní kọ́kọ́ mu. Nígbà tí wàrà náà tutù, ó bu igbá kan, ó gbé e mì, ó nu ẹnu. "Ó di ọ̀sán," ni ó wí. "Bí kò bá ṣe mí ní nǹkan, ọmọ á mu."

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí mo fi rí i tó bu omi, tó gba ẹ̀yìn ilé wọ igbó lọ. Ó padà, ó jókòó, ó tún dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ bó ṣe ń bì. Nígbà tó dé, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì rí i pé mò ń wo òun.

"Epo àná ni," ni ó wí. "Ikùn arúgbó kò gba epo mọ́."

A kò jẹ epo lánàá. Èmi ni mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

Àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá àgbà wò ó, ó wo ìkòkò, ó pẹ́ kó tó gbé igbá. Ó wá gbé ọmọ lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́. Ọmọ náà ń gbé e mì, ó ń gbé e mì, ó sì sùn. Inú mi dùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbẹ́ gbuuru ti mú un. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Lọ́jọ́ kẹta, ní ìyálẹ̀ta, ó kú lọ́wọ́ Ìyá àgbà.

Bàbá mi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀. "Ìyá, kí lẹ fún un mu?"

"Wàrà ẹ̀wà. Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Bàbá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ti odò dé lọ́jọ́ kan, mo bá Ìyá àgbà nídìí ìkòkò. Ẹ̀wà náà ló tún ń sè. Ó jẹ́ kó ru, ó gbọ́n ìfófò rẹ̀ dànù, ó dín iná kù, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń rò ó, ó ń rò ó, títí òórùn tútù yẹn fi lọ pátápátá. Ó bu igbá kan mu, ó jókòó tì í. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò bì, kò lọ sẹ́yìn ilé. Ìgbà yẹn ló wá gbé orí lé eékún, ó sunkún bí n kò ṣe rí i kó sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. "Kò tíì jinná," ló ń wí. "Kò tíì jinná lọ́jọ́ yẹn."

Ó kọ́ gbogbo obìnrin abúlé bí wọ́n ṣe ń sè é. Òun fúnra rẹ̀ kò mu ún mọ́ títí ó fi kú.

Sóyà ni wọ́n ń pe ẹ̀wà náà báyìí, wọ́n sì ń ta wàrà rẹ̀ lọ́jà Atakpamé. Mo máa ń mu ún, ó sì bá mi lára mu, bí mo bá ti mọ ẹni tó sè é. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé bó ti wù kó jinná tó, kò tó láti fi wo ọmọ oṣù méjì. Pé bó bá tilẹ̀ jinná lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí àbúrò mi má yè. Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á tù mí nínú.

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi ọmọ yẹn ló wọnú Ìyá àgbà, tó fi purọ́ fún ara rẹ̀. Èmi náà ti di ìyá àgbà, ó yé mi, mo sì ti dárí jì í tipẹ́. Ara mi ni n kò tíì dárí jì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré, pé a kò jẹ epo, ló yẹ kí n sọ kó tó gbé igbá, mo sì mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́. Ẹkún àbúrò mi ti sú mi.