Ìbọn Abẹ́ Àga

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Awakọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ àwọn tó ń ṣètọ́jú àwọn tí ogun bá, ó ga débi pé Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é. Ojú ẹ̀ báyìí làwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe yìnbọn pa àbúrò ẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ò bá ẹnikẹ́ni jà rí, torí pé kò jẹ́ kí wọ́n kó oògùn aláìsàn lọ. Ó rí ẹni tó yìn ín kedere, ọkùnrin kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti kán.

Ẹ wá wo ayé! Eléyín kíkán yìí kan náà ló tún sunkún wá bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé kí wọ́n gbé ìyá òun tí ọta ìbọn bà lọ sí ọsibítù. Kò tiẹ̀ dá awakọ̀ mọ̀. Ó jókòó síwájú, ó rọra ti ìbọn kékeré bọ abẹ́ àga.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ìbọn kì í wọ mọ́tò. Torí ẹ̀ làwọn ṣọ́jà ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà kì í fi í yẹ̀ wọ́n wò. Ó yẹ kí Agùntáṣọọ́lò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." Ó ṣe bíi pé òun ò rí i, ó wa mọ́tò lọ. Ọwọ́ pálábá ẹ á ségi lónìí, olóríburúkú! Bó ṣe ń sọ nínú ara ẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó ẹ̀, nọ́ọ̀sì inú mọ́tò kejì tó ń tẹ̀ lé wọn, pè é lórí rédíò. "Ọkọ mi, ẹ ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà, ó sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ wo abẹ́ àga yẹn."

Wọ́n wọ́ eléyín kíkán bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń da ìgbátí bò ó. Agùntáṣọọ́lò bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí i létí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì tó o pa, ọmọ ìyá mi ni." Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ Agùntáṣọọ́lò dé egungun. Ìyá arúgbó ń pe ọmọ ẹ̀ látẹ̀yìn mọ́tò, awakọ̀ ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ni ọ̀gá ṣọ́jà bá já rédíò gbà lọ́wọ́ Agùntáṣọọ́lò, kó má bàa kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. "Ìbọn lẹ wá fi ń ṣàánú báyìí? Àwa tá à ń jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá láìyẹ̀ yín wò! Ó tó gẹ́ẹ́. " Ó kọjú sáwọn ọmọ ẹ̀. "Mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn, ẹ yìnbọn fún un!"

"Ọ̀gá, ìyàwó mi ló wà níbẹ̀! Wọn ò mọ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìbọn wà nínú ọkọ̀."

"O mọ̀, o sì gbé e?"

Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọ̀gá mú, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé. Mọ́tò funfun yọ ní kọ́nà, ìyàwó ẹ̀ ń juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Àwọn ṣọ́jà yìnbọn.