Ọ̀tá Mi Láti Mọlété

Ẹ̀rù ni mo fi di gbajúmọ̀. Àwọn tó ń pè mí ní akin kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá máa wọ ríìngì, ẹ̀kọ tútù nìkan ni mo máa ń jẹ láti àárọ̀. Ìjàkadì tí à ń ṣe yìí, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní rẹ́sílìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ta ló lágbára jù. Ẹnì kan ni yóò gbé ọ kọjá orí ara rẹ̀, tí yóò sì là ọ́ mọ́lẹ̀ lójú èrò. Bí ọwọ́ onítọ̀hún bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọrùn ló ń lọ yẹn.

Ọmọ Mọlété ni ẹni tó máa ń gbé mi. Nínú eré wa, òun ni ìkà, èmi ọmọ Bẹyẹrúnkà ni ọmọlúàbí tí gbogbo ayé ń ṣàánú. Á fi àga gbá mi lẹ́yìn, á bú ìran mi, á fa ẹ̀wù ara rẹ̀ ya, èrò á sì máa ṣépè fún un. Ṣùgbọ́n kó tó gbé mi sókè, á fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, á tẹ̀ mí ní àtàǹpàkò. Ohun tó ń wí ni pé, mo ti dì ọ́ mú. Èmi náà á tẹ tirẹ̀, pé mo ti ṣe tán. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́ padà, kò ní gbé mi, èrò ì báà máa pariwo títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Kò fi ìgbà kan ṣe mí léṣe rí.

Ọ̀gá tó ń ṣètò ìjà wa ló wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí wa pọ̀ níta. Ó ní, “Tí wọ́n bá rí yín níbi tẹ́ ẹ ti jọ ń jẹun, ta ló tún máa wá wòran ìjà yín?” Bí ìyàwó ọmọ Mọlété, ọ̀rẹ́ mi yìí, ṣe bímọ nìyẹn, tí n kò lè yọjú síbi ìsọmọlórúkọ. Lórí fóònù la ti ń bá ara wa rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi gan-an kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ewé móínmóín ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, ohun tí ìyá mi bá sì gbọ́ lásìkò ìrun àìlà, gbogbo ọjà á ti gbọ́ ọ kó tó di àlàásárì. Mo fi í pamọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: “Ọlọ́run, ẹni tó ń fi àga fọ́ ọmọ mi lẹ́yìn yẹn, ẹ bá mi mú un!”

“Ìyá, eré mà ni.”

“Eré? Ẹ̀yìn ta ló wú, tí mo ń fi omi gbígbóná jó?”

Ara mi a máa bù máṣọ bí mo bá gbọ́ àdúrà yẹn, nítorí pé ọwọ́ tí wọ́n ń ṣépè fún náà ló gbé ẹ̀mí ọmọ wọn dání.

Nígbà tó yá, orúnkún ọ̀rẹ́ mi kọṣẹ́. Ó fi ríìngì sílẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ míkírà kó èrò láti Mọlété sí Ọjà'ba. Èmi, àwọn onífíìmù wá mi wá. Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀rù ti tán, kò sẹ́ni tí yóò là mí mọ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo àyà mi, wọ́n ní ipa gbọ́mọgbọ́mọ ló yẹ mí. Mo sì ṣe é dáadáa. Ibi tí mo ti gbé ọmọ tó ń ké sínú àpò ni àwọn ènìyàn gé jáde, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù.

Àwọn ìyá tó máa ń kí mi ní Bẹẹrẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn mọ́ra bí mo bá ń kọjá. Obìnrin kan ní Kúdẹtì tilẹ̀ sọ ọ́ fún mi lójú. “Ẹ má bínú o, a mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é yẹn kó má sí nínú yín.” Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dé fìlà bojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń lọ bá ìyá mi ru ewé ní Ọjà'ba. Ọmọdébìnrin kékeré kan dúró sáàárín títì, ó ń sunkún, kẹ̀kẹ́ Marwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Kí ni kí èèyàn ṣe? Mo gbé e. Mo gbé e lé èjìká kí ìyá rẹ̀ lè rí i lókèèrè. Ọmọ náà bojú wò mí, ó figbe ta.

Ẹnì kan kígbe pé, “Gbọ́mọgbọ́mọ inú fíìmù nìyẹn! Ó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ!”

Ẹ̀rín ló fi kígbe náà. Ẹni tó gbà á lẹ́nu rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, etí mi gba ìgbátí, ẹ̀wù mi ya. Mo ń pe orúkọ ìyá mi, mo ń na ọwọ́ sí ìsọ̀ wọn. Àwọn èrò ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gbọ́mọgbọ́mọ ṣe máa ń wí. Ìgbà náà ni mo rí ọkùnrin kan tó ń yí táyà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé irú táyà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná sun ẹni tí wọ́n bá mú. Èmi tí wọ́n ń pè ní akin, ìtọ̀ bọ́ lára mi. Mo ń wo òpó gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, mo ń rò ó pé ibi tí mo máa kú sí nìyí, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sílé wa.

Mo wá gbọ́ ohùn kan. “Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi! Kẹ́nikẹ́ni má pa á o, èmi ni mo ni ín!”

Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti fi míkírà àti èrò inú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín títì, ó ń tiro bọ̀, ó ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ó fún mi lọ́rùn. Mo rò pé òun náà ti gba fíìmù gbọ́. Àfi bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe tẹ tèmi.

N kò tíì tẹ tirẹ̀ padà. Táyà ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi kò gbé mi. Ó dúró, ó ń mí sí mi lójú, ó ń retí mi, bó ti máa ń ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó fi orúnkún tó ti bàjẹ́ yẹn gbé mi kọjá orí, ó là mí mọ́ ẹrẹ̀ Ọjà'ba. Kò dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ lé mi láyà: “Ìwọ ọmọ Bẹyẹrúnkà! Ṣebí mo sọ fún ọ pé n óò bá ọ dé ilé yín?”

“Yéè! Àwọn onírẹ́sílìn yẹn nìyí!” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Fóònù jáde. Ẹnì kan ń kà bíi rẹfirí. Ìyá ọmọ náà dé, ó ń wí pé mo gba ọmọ òun là lójú títì ni, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin onítáyà gbé táyà kalẹ̀, ó gun orí rẹ̀ kó lè ríran dáadáa.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti já wọlé pẹ̀lú ìdì ewé lọ́wọ́. “Ìwọ ni! Kò tó ọ ní ríìngì, o tún tẹ̀ lé e wá sọ́jà! Ọlọ́run á mú ọ!” Ìyá mi ń fi ewé nà án lórí, lójú, èrò ń pàtẹ́wọ́. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọmọ Mọlété mi orí sí mi díẹ̀ pé kí n má wí, torí ọkùnrin onítáyà yẹn ṣì wà lórí táyà rẹ̀. Ó ń jẹ ìyà náà, ó ń bú mi lọ. Mo na ọwọ́ nínú ẹrẹ̀, mo tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀.