Èéfín Tó Wọ Inú Suwebat

Ẹja yíyan ni Suwebat Sàláwù fi tọ́ Mubarakah, ọmọ rẹ̀, ní Gbaji láti ìgbà tí òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Èèpo àgbọn ló fi ń dáná, nínú ahéré tí kò ní fèrèsé. Ikọ́ rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró mọ́.

Nígbà Sáàpù, tí ọ̀wọ́n gógó gba ìlú kan lábẹ́ ìjọba ológun, Dókítà Ajíbóyè wá wádìí bóyá èéfín ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń yan ẹja jẹ́. Títílọpẹ́, nọ́ọ̀sì ọmọ Èkìtì, ló ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

"Ìyá Mubarakah, báwo lẹ ṣe máa ń pẹ́ tó nídìí iná?"

"Díẹ̀ ni, ọmọ mi. Kí oòrùn tó mú, mo ti ṣe tán."

Irọ́ ni. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn wolé-wolé àti sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ahéré àwọn kan lẹ́bàá títì ni, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á wó tirẹ̀ náà nítorí èéfín. Àwọn mìíràn bù mọ́ tiwọn, wọ́n rò pé ẹni tó bá ráhùn jù ni yóò gba oògùn ọ̀fẹ́.

Nígbà tí Ajíbóyè ṣírò ohun tí wọ́n sọ, ó dà bí ẹni pé èéfín kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó mirí.

"A ti da ẹni tó fa púpọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tó fa díẹ̀," ó sọ fún Títílọpẹ́. "Bí òṣùwọ̀n bá ń ṣì báyìí, ewu á fara pa mọ́. Ẹ jẹ́ ká wọn èéfín náà gan-an lára àwọn díẹ̀, ká mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe jìnnà sí òótọ́ tó. Ìyẹn la ó fi tún ìṣirò tí a ṣe fún gbogbo wọn ṣe."

Suwebat wà lára àwọn tó gbà. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́, bébà funfun inú rẹ̀ sì ń gba èérí. Nígbà tí Títílọpẹ́ tú u, bébà náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ohun tó ń wọ inú mi rèé?"

"Òun ni, Mà."

Suwebat ń wò ó ṣáá. "Bí o bá ní kí n kúrò nídìí iná, kí la ó máa jẹ?"

Títílọpẹ́ rọra fi bébà náà sínú àpòòwé.

Ìṣirò kejì yàtọ̀ pátápátá: bí èéfín ṣe ń pọ̀ ni àìsàn ń pọ̀. Ajíbóyè bẹ ìjọba kí wọ́n kọ́ ààrò tí èéfín yóò máa gba òkè jáde fáwọn obìnrin náà. Ìjọba ní ìlú le, kí wọ́n ní sùúrù.

Ebi kì í ní sùúrù. Suwebat padà sídìí iná. Nígbà tí ọyẹ́ dé, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Títílọpẹ́ gbé e dé ọsibítù, àmọ́ kò sí ọ́síjìn. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Alásàrí ló kú sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà.

Mubarakah, ọmọ rẹ̀, mọ ààrò tirẹ̀ síta gbangba. Òjò dé, iná ń kú, ẹja ń rà. Ó wọ inú ahéré lọ dáná.